Kókó Ọ̀rá Tí Ń Pọ̀ Lára Ènìyàn

Igi a máa ní kókó lára. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í rí kókó lára igi kí ó sáré gbé àáké. Ó mọ̀ pé kókó kan wà tí kò dí igi lọ́wọ́ láti so èso, ó sì mọ̀ pé òmíràn wà tí í ṣe àmì pé kòkòrò ti wọ inú igi náà lọ. Yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò wo ewé àti èso igi náà, kí ó tó mọ èyí tí yóò ṣe. Bí ó ti rí lára igi, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára ènìyàn.

Ọkùnrin kan lè máa wẹ̀ ní odò lẹ́yìn iṣẹ́ oko, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 25, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ba ohun kan lábẹ́ awọ apá rẹ̀, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ. Kò dùn ún, kò yún un, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní ọdún kejì òmíràn yọ ní ìhà rẹ̀. Ní ọdún kẹta méjì yọ ní itan. Kí ó tó pé ọmọ 40 ọdún, wọ́n ti di ogún, àwọn kan nínú wọn sì ti tó àgbálùmọ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan a ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹlòmíràn a ní jẹjẹrẹ ni. Àwọn àgbà ilé a mi orí, wọn a ní, “Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.” Bí a bá sì rántí pé irú rẹ̀ wà lára baba ọkùnrin náà kí ó tó kú, a ó ní èpè ìdílé ni. Ẹni tí ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà lè torí èyí padà lẹ́yìn rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ lè di ẹni tí a ń fura sí, láìṣẹ̀, láìrò. Ní ìkẹyìn, ẹnìkan yóò mú abẹ fẹ́lẹ́ wá, yóò ní òun yóò là á.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wà lábẹ́ awọ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀tẹ̀, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ọ̀rá ni.

Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn kókó ara. Èkíní ni kí ènìyàn bẹ̀rù èyí tí kò lè pa á, kí ó ná gbogbo owó kòkó rẹ̀ lé e lórí, kí ó sì jẹ́ kí a fi abẹ ìdọ̀tí ṣe é léṣe. Èkejì ni kí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí tí ó lè pa á, títí ọjọ́ yóò fi lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ti yọ ara rẹ̀ nínú ìyọnu púpọ̀.

OHUN TÍ KÓKÓ Ọ̀RÁ JẸ́

Lábẹ́ awọ olúkúlùkù ènìyàn ni ọ̀rá wà. Ó dà bí àká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí nígbà ìkórè, tí ó sì ń bù jẹ nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ó ń dá otútù dúró, ó sì jẹ́ tìmùtìmù fún egungun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń pa ọ̀rá náà mọ́. Nígbà mìíràn, ní ojú kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn a kó ara wọn jọ, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan a sì yí wọn ká, gẹ́gẹ́ bí èèpo ti í bo ẹ̀wà. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní lípómà.

Kókó ọ̀rá ẹyọ kan kì í ṣe ohun àjèjì. A fojú díwọ̀n pé nínú 1,000 ènìyàn, ẹnìkan ní irú rẹ̀ lára, ó sì wọ́pọ̀ jùlọ láàárín àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 40 sí 60. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Bí a bá fi ìka tẹ etí rẹ̀, yóò yọ̀ kúrò lábẹ́ ìka bí ẹja àrọ̀ ti í yọ̀ lọ́wọ́ apẹja. Awọ tí ó wà lórí rẹ̀ kò yí padà: kò pọ́n, kò gbóná, kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, lẹ́yìn náà a máa dúró ní ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ràn. Ẹni tí ó bá ẹni tí ó ní i jẹun nínú àwo kan, tàbí tí ó bá a sùn lórí ẹní kan, kò lè ti ibẹ̀ kó o. Kì í ṣe ìdọ̀tí ni ó mú un wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe epo pupa inú ọbẹ̀. Ẹni tí ó rù a máa ní i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sanra. Bí ẹni tí ó ní i bá sì gbààwẹ̀ títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi jìn, kókó náà yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó dà bí àká tí ó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, tí a kò lè bù nínú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àrùn kan wà, tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ń mú kí irú kókó báyìí hù ní mẹ́wàá, ní ogún, àní kí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ lára ẹnìkan ṣoṣo. Oríṣi mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà, nítorí pé ìwà wọn kò dọ́gba, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà.

ÈKÍNÍ: ÈYÍ TÍ A JOGÚN

Oríṣi èkíní ni èyí tí ń rìn nínú ìdílé. A fojú díwọ̀n pé nínú 50,000 ènìyàn, ẹnìkan ni ó ní i. A máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà ní ọmọ ogún ọdún sí ogójì, ní apá, ní ìhà, ní ikùn, àti ní itan. Ọrùn àti èjìká ni ó sábà máa ń dá sí. Kì í sábà dunni, bí kò ṣe pé ọ̀kan nínú wọn bá tẹ iṣan ìmọ̀lára, tàbí tí ó bá wà ní ibi tí okùn ẹrù ń há.

Bí ó ti ń rìn nínú ìdílé nìyí. Olúkúlùkù ọmọ a máa gba àkọsílẹ̀ méjì nípa bí ara rẹ̀ yóò ti rí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú àrùn yìí, bí àbùkù bá wà nínú ọ̀kan péré, ó tó láti mú kí kókó máa hù. Nítorí náà, òbí tí ó ní i lè fi àkọsílẹ̀ tí ó pé fún ọmọ, ó sì lè fi èyí tí ó ní àbùkù fún un. Bí ẹni tí ó ta owó ẹyọ sókè ni: ó lè fi orí lélẹ̀, ó sì lè fi ìdí lélẹ̀. A sì ń ta á lọ́tun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn lè bọ́ nínú rẹ̀, tàbí kí ẹnìkan ní i, tàbí kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní i. Ẹni tí kò bá sì gba àkọsílẹ̀ tí ó ní àbùkù náà kò ní ohun tí yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ìdílé tí ó bá ń pe èyí ní èpè ro ọ̀ràn èjí wò. Bàbá ní èjí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní èjí, ọmọ-ọmọ ní èjí. Kò sí ẹni tí í pe babaláwo sí ọ̀ràn náà, kò sì sí ẹni tí í pe èjí ní èpè. Ẹwà ni a ń pè é. Ọ̀nà kan náà tí èjí gbà dé ẹnu ọmọ ni kókó ọ̀rá gbà dé apá rẹ̀. Ọ̀kan wu ènìyàn, èkejì kò wù ú. Ìyàtọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó nítorí kókó tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀ ti ṣẹ aláìṣẹ̀, kò sì wo àrùn náà sàn.

ÈKEJÌ: ỌRÙN ỌLỌ́RÀÁ

Ní ọdún 1846, Sir Benjamin Brodie, oníṣẹ́ abẹ tí ó lókìkí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ọ̀rá tí ó kó jọ yí ọrùn ènìyàn ká. Ní ọdún 1888, Otto Madelung, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, kó ìtàn ọ̀pọ̀ aláìsàn irú rẹ̀ jọ, ó sì fún un ní orúkọ tí í ṣe “ọrùn ọlọ́ràá” ní èdè wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1898, Launois àti Bensaude, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé nípa aláìsàn 65. Láti ìgbà náà ni orúkọ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti mọ́ àrùn náà lórí.

Ọ̀rá ti oríṣi yìí kò pín sí kókó kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní awọ tirẹ̀. A máa tàn kálẹ̀ láìní ààlà, bí ẹ̀ṣọ́ omi tí ó kún bo bèbè. Bí ó ti rí ní ọ̀tún ni yóò rí ní òsì. Abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yìn ọrùn, èjìká, òkè apá àti ẹ̀yìn ni ó ń gbà, nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rù. Ẹni tí ó bá rí i lókèèrè lè rò pé owó ni ó mú kí ó sanra, kí ó máa kí i pé ara rẹ̀ yọ̀. Aláìsàn náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn mọ́, àti pé ọrùn ẹ̀wù òun kò pa dé.

Àwọn ọkùnrin láàárín ọdún 30 sí 60 ni ó ń mú jùlọ. Ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn oníṣègùn ti yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, wọ́n fojú díwọ̀n pé ẹnìkan nínú 25,000 ọkùnrin ní i. Wọ́n sì ṣàkíyèsí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wọn ni ó ti mu ọtí púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, a ti rí i lára ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà tí ń sọ oúnjẹ di agbára, gẹ́gẹ́ bí ààrò ti ń sọ igi di iná. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń gbà wọ́n. Lára àwọn aláìsàn kan, a ti rí àbùkù nínú àkọsílẹ̀ ààrò yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ọrùn ọlọ́ràá lára ẹnìkejì rẹ̀ kí ó pè é ní ọ̀mùtí. Ó lè jẹ́ pé irọ́ ni ó pa mọ́ ọn.

Ohun méjì ni ó mú kí oríṣi yìí lágbára ju ti èkíní lọ. Èkíní, ọ̀rá náà lè fún ọ̀nà èémí àti ọ̀nà ọ̀fun, tí ènìyàn yóò fi máa han-run kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ yóò máa dúró lójú oorun, tàbí tí òkèlè kò ní lọ dáradára. Èkejì, ó sábà máa ń bá àrùn iṣan ìmọ̀lára rìn: ẹsẹ̀ a kú, tàbí kí ó máa ṣe aláìsàn bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú lè tẹ èkúṣù igi lóko kí ó má mọ̀, títí egbò yóò fi kẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní i, tí ó sì ń mu ọtí, kí ó fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ògógóró àti ṣínáàpù nìkan, ṣùgbọ́n ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pẹ̀lú. Ọtí fífi sílẹ̀ kì í sábà yọ́ ọ̀rá tí ó ti kó jọ, ṣùgbọ́n ó lè dín bí ó ti ń gbilẹ̀ kù, ó sì ń gba ẹ̀dọ̀ àti iṣan là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, kí ó má ṣe jáwọ́ lójijì láìbá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, nítorí pé gbígbọ̀n àti gìrì lè tẹ̀lé e, èyí tí ó lè pani.

ẸKẸTA: Ọ̀RÁ ONÍRORA

Oríṣi kẹta ni ó ń fìyà jẹ ènìyàn jùlọ, òun sì ni àwọn ará ilé kì í tètè gbà gbọ́. Ní ọdún 1888, Francis Xavier Dercum, dókítà àrùn iṣan ní ìlú Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọ̀rá yọ gànnàkù ní apá àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì ń dùn ún. Ní ọdún 1892 ó kọ ìtàn àwọn aláìsàn mẹ́ta, ó sì fi èdè Látìn sọ àrùn náà ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “ọ̀rá onírora”. Dercum yìí kan náà ni ó wà lára àwọn dókítà tí ó tọ́jú Ààrẹ Woodrow Wilson nígbà tí àrùn ẹ̀gbà kọ lù ú ní ọdún 1919.

Àwọn obìnrin ni ó ń mú ju ọkùnrin lọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 35 sí 50. Ìrora náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ó ń ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sì lè wà títí. Ìgbà mìíràn a máa jó bí iná, ìgbà mìíràn a máa ṣẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Nígbà tí ó bá le, ìfọwọ́kàn lásán tó. Obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè so ọ̀já mọ́ ara láti pọn ọmọ. Ó ń yẹra fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ jókòó lé e ní itan, ọmọ náà a sì rò pé màmá àgbà kò fẹ́ràn òun mọ́. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, oorun kì í sì í kùn ún dáradára.

Nítorí pé ara rẹ̀ sábà máa ń tóbi, àwọn ará ilé a ní ọ̀lẹ ni. Nítorí pé kò sí egbò tí ojú rí, wọn a ní ó ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó mọ bí ó ti ń dùn ún. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn lè máa pè é ní arìndọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Títí di òní a kò ì tíì rí oògùn tí ó lè fa gbòǹgbò àrùn yìí tu. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora wà tí dókítà lè fún un, a sì lè gé kókó tí ó ń dùn ún jù kúrò. Rírìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ àti lílúwẹ̀ẹ́ a máa ran àwọn kan lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a gbà á gbọ́. Ẹrù ìrora tí a bá gbà gbọ́ fúyẹ́ ju èyí tí a ń fi ṣẹ̀sín lọ.

ÀWỌN TÍ Ó JỌ Ọ́ TÍ KÌ Í ṢE ÒUN

Gbogbo ohun tí ó yọ lábẹ́ awọ kọ́ ni ọ̀rá. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ àwọn wọ̀nyí:

Ìnárun. Ní ẹ̀bá odò tí omi rẹ̀ ń yára ṣàn, eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tí bíbùjẹ rẹ̀ ń fi aràn sínú ara. Aràn náà a kó jọ sínú kókó líle, ní pàtàkì lórí egungun ìbàdí àti ìhà. Ara a máa yún ènìyàn gidigidi, ojú rẹ̀ sì lè fọ́ ní ìkẹyìn. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti máa fi oògùn Mectizan tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àrùn yìí. Ẹni tí a bá pè láti gbà á ní abúlé, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́.

Ẹ̀tẹ̀. Kókó ti ẹ̀tẹ̀ wà nínú awọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. A tún máa rí ojú àpá tí ó ṣì, tí kò mọ̀ nígbà tí a bá fi ìyẹ́ adìẹ kàn án. Oògùn tí ń wò ó sàn wà. Ẹni tí ó bá tètè lọ kì í di aláàbọ̀ ara.

Gẹ̀gẹ̀. Iwájú ọ̀fun ni ó wà. Bí aláìsàn bá gbé omi mì, gẹ̀gẹ̀ yóò bá ọ̀fun gòkè yóò sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Kókó ọ̀rá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kókó ikọ́ ife. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni ó sábà máa ń yọ sí, ibà ìrọ̀lẹ́ àti òógùn òru a sì máa bá a rìn, ara a sì máa gbẹ.

Kókó iṣan. Àwọn kókó rírọ̀ kéékèèké ni, tí ó pọ̀ lójú awọ, pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ti wà láti ìgbà èwe. Èyí pẹ̀lú a máa rìn nínú ìdílé, ó sì yẹ kí dókítà máa ṣọ́ ọ.

ÀMÌ TÍ KÒ YẸ KÍ A FI ṢERÉ

Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ìkórè:

1. Kókó tí ó le bí òkúta, tàbí tí ó lẹ̀ mọ́ ẹran ara tí kò ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún.
2. Kókó tí ó ń yára dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀.
3. Kókó tí ó gùn ju ẹyin adìẹ lọ, tàbí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ jíjìn nínú ẹran itan tàbí ikùn.
4. Kókó tí kò dunni tẹ́lẹ̀, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Tàbí tí awọ orí rẹ̀ pọ́n, tí ó di egbò, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀.
5. Kókó èyíkéyìí ní ọmú, ìbáà ṣe ti obìnrin tàbí ti ọkùnrin.
6. Kókó rírọ̀ ní ìdí ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́, lórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí ó lè ní ọ̀nà lọ bá okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn.
7. Kókó tí ó ń dí èémí tàbí oúnjẹ lọ́nà.

Jẹjẹrẹ inú ọ̀rá wà, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn àmì tí a kọ sókè yìí ni a fi ń fura sí i. Ẹni tí ó bá tètè lọ ní ìrètí. Ẹni tí ó bá ń fi àgbo àti ìpara ra ọjọ́ ń fún un ní àyè láti ta gbòǹgbò.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ Ń ṢE, ÀTI OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE NÍLÉ

Dókítà yóò bi aláìsàn léèrè nípa ìdílé rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ yẹ kókó náà wò. Ó lè lo ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo abẹ́ awọ; ẹ̀rọ náà kì í dunni rárá. Bí iyèméjì bá wà, yóò mú díẹ̀ nínú rẹ̀ láti wò ó nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá lásán, tí kò dunni, tí kò dí ènìyàn lọ́wọ́, yóò sọ pé kí a fi í sílẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe bínú pé dókítà kò ṣe nǹkan. Àgbẹ̀ tí ó fi kókó igi sílẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ti ṣe nǹkan.

Èyí tí ó ń dunni, tàbí tí ó ń dínà, ni a ń gé. Lọ́pọ̀ ìgbà a ó fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú, a ó là á, a ó fa kókó náà jáde pẹ̀lú awọ rẹ̀, a ó sì rán ojú ọgbẹ́. Aláìsàn a sì padà sílé ní ọjọ́ kan náà. Ti ọrùn ọlọ́ràá ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rá náà kò ní ààlà, ó yí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ká, a sì máa hù padà. Kí a tún sọ fún dókítà bí àpá ìdílé náà bá máa ń hù ga tí ó sì ń tàn kọjá ojú ọgbẹ́, nítorí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú, ó sì lè burú ju kókó tí a gé lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe la kókó nílé. Abẹ tí a kò sè lè mú àrùn ipá wá, ó lè gé iṣan tí ń gbé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè kọ̀ láti dá. Kí a má ṣe fi irin gbígbóná jó o, kí a má ṣe fi omi bátìrì tàbí ewé tí ń bó awọ lé e. Àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa bó awọ, ọ̀rá a sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

BÍ A TI Ń ṢỌ́ Ọ

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé kí ó máa ṣọ́ kókó rẹ̀ kò nílò ohun púpọ̀. Kí ó mú òwú kan, kí ó nà án láti etí kan dé etí kejì kókó tí ó tóbi jù, kí ó sì fi òwú náà lé rúlà àwọn ọmọ ilé ìwé. Kí ó kọ iye tí ó rí sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé oṣù náà nínú àlímánáàkì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ ọjọ́ tí ó gbin iṣu. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tó. Ọkàn a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ń bẹ̀rù a rò pé ó ń tóbi lójoojúmọ́, ẹni tí kò bìkítà a rò pé kò yí padà. Òwú kì í purọ́. Bí dókítà bá sì béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìwé yóò dáhùn.

Kí ó kọ orúkọ àwọn ará ilé tí wọ́n ní irú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, àti ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Àwọn ọmọ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọmọ tí a ti sọ fún láti ìgbà èwe pé, “Irú èyí wà lára bàbá rẹ, ó sì gbó kí ó tó kú,” kì yóò sá lọ fi owó rẹ̀ fún ẹlẹ́tàn ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba hóró ẹ̀gúsí lábẹ́ awọ apá rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó ní ogún kókó lára lè kọ ebè, ó lè gun ọ̀pẹ, ó lè fẹ́ ìyàwó, ó lè bímọ, ó sì lè dàgbà kí ó gbó. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹ́ irú rẹ̀ lápá kì í ṣe ọ̀rá náà. Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó ni, àti àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín ara wọn àti òun lórí ìjókòó. Èyí kò nílò dókítà. Aládùúgbò tí ó bá sún mọ́ ọn tí ó sì jókòó ti ti wo ìdajì àrùn náà sàn.